Ìyá Àgbà Sọ̀kalẹ̀ ní Savalou

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run Ọba tó fi iyọ̀ sínú omi òkun, tó fi iṣu sínú ilẹ̀ Bantè, tó sì la ọ̀nà kan láàárín méjèèjì. Mo dúpẹ́ pé ó jẹ́ kí n pẹ́ lọ́dọ̀ ìyá tó bí ìyá mi. Mo dúpẹ́ fún ilé kéwú tí mo ti kọ́ bí a ṣe ń di bírò mú, nítorí láìsí i, ẹnu lásán ni ǹ bá fi máa sọ ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí. Mo tún dúpẹ́ fún èyí tí kò yé mi nínú rẹ̀. Ọlọ́run ló mọ ìdí tí kò fi yé mi.

Sàlámátù ni orúkọ rẹ̀. Ìyá Oníṣu ni gbogbo Bantè ń pè é, Ìyá àgbà ni àwa ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń pè é. Ó ti tó oṣù mẹ́rin báyìí tí a sin ín. Láti ìgbà náà, bí mo bá jókòó láti rántí rẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń dá mi dúró: kí ló dé tó fi sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Savalou, lọ́jọ́ tí mo fẹ́ mú un lọ wo òkun? Mo bi ìyá mi, kò mọ̀. Mo bi Ààfáà wa, ó ní kí n máa ṣe àdúà fún un. Mo bi òun fúnra rẹ̀ kó tó lọ, ó dá mi lóhùn, ìdáhùn náà sì tún dà mí rú sí i. Nítorí náà, mi ò ní lè kọ ìtàn ayé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tí mo rántí ni mo ń kó jọ, bóyá ẹni tó bá kà á á rí ohun tí èmi ò rí.

Iṣu ló ń tà. Ó máa ń rà á lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ní Koko àti Gouka, wọn á fi ọ̀kadà kó o wá sí Bantè, òun á sì kó o lọ sí ọjà Savalou nínú tasí tó ń lọ sí Kutọnu. Ìrìn wákàtí kan àti díẹ̀ ni. Ní Savalou, òun á sọ̀kalẹ̀, wọ́n á já iṣu rẹ̀ sílẹ̀, ọkọ̀ á sì máa gbé àwọn èrò yòókù lọ sí ìsàlẹ̀, sí etí òkun. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Kò sí ẹni tó jókòó nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí òkun bíi tirẹ̀ ní Bantè, síbẹ̀ kò kọjá Savalou rí.

Kí ọkọ̀ tó gbéra ló máa ń ṣí abọ́ rẹ̀. Iṣu sísè ni, pẹ̀lú epo pupa àti ata gígún. Á gé e sí ọ̀nà mẹ́rin tàbí márùn-ún, ní iye ẹni tó bá wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín in láìbéèrè bóyá ebi ń pa ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kan tí mo tẹ̀ lé e, ọkùnrin kan tó wọ kóòtù jókòó sí àárín wa. Ó ní:

"Ẹ ṣé, màmá. N kì í jẹun lójú ọ̀nà."

"Ta ló ní ojú ọ̀nà nìyí? Ilé ni. Ṣé ẹ ò rí i pé orúnkún yín wà lórí itan mi ni?"

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà gba iṣu, ó jẹ ẹ́, epo kán sí kóòtù rẹ̀. Kí a tó dé orí òkè tí ó ṣáájú Savalou, ó ti ń sọ bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń fún epo àgbọn ní Wídà, bí ilé ṣe máa ń rùn lọ́jọ́ náà, àti bí wọ́n ṣe máa ń jà lórí èépá tó bá gbẹ sí ìdí ìkòkò. Ojú rẹ̀ kún fún omi. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀, mo bi Ìyá àgbà pé kí ló dé tó fi fipá mú àlejò jẹun. Ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ lára aṣọ nígbà tó fèsì: "Ẹni tí kò bá jẹ iṣu mi, ojú á tì mí láti bi í ní ìbéèrè."

Báyìí ló ṣe mọ etí òkun. Ó mọ̀ ọ́n ju bí mo ṣe mọ ojúde wa lọ. Ó sọ fún wa pé iyanrìn funfun ni wọ́n ń gbin àlùbọ́sà sí ní Gran-Popo, a fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé a mọ iyanrìn, a sì mọ̀ pé nǹkan kan kì í hù nínú rẹ̀. Ó sọ bí àwọn ènìyàn ṣe máa ń tò sí etí omi bí ogún, bí ọgbọ̀n, ọkùnrin àti obìnrin, tí wọ́n á máa fa okùn àwọ̀n kan náà láti àárọ̀ títí oòrùn á fi ga. Ó sọ pé alákàn máa ń wọlé bá ènìyàn nínú yàrá, pé wọn kì í lé e, wọ́n á kàn gbé ìkòkò kaná. Ó ní afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ní iyọ̀ nínú, pé bí o bá lá ètè rẹ ní ìrọ̀lẹ́, wàá rò pé o ti jẹun.

Èmi gbà á gbọ́ délẹ̀délẹ̀. Mo lọ sọ ní ilé kéwú pé etí òkun ni wọ́n bí ìyá àgbà mi sí. Ààfáà wa, tó jẹ́ ará Nàìjíríà tó mọ Èkó dáadáa, rò pé òun ti rí ẹni tí wọ́n jọ máa sọ̀rọ̀ òkun. Ó wá kí i nílé.

"Ìyá, wọ́n ní ọmọ etí omi ni yín."

"Ọmọ Bantè ni mí, Ààfáà. Bobè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí ni wọ́n ti bí ìyá mi."

Ojú tì mí débi pé mo sá wọ inú yàrá. Lẹ́yìn tí Ààfáà lọ, mo fi ẹkún bi í pé kí ló dé tó fi purọ́ fún mi. Kò bínú. Ó fi ìka tó ní epo pa mí ní imú. "N kò sọ pé mo dé ibẹ̀, Ráfíà," ó ní. "Ohun tó wà níbẹ̀ ni mo sọ."

Ìjà rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ìjà méjì tí kò fi sílẹ̀ rí. Èkíní ni ti òun àti Bàbá àgbà, tí kò lè fara da òórùn ẹja gbígbẹ àti alákàn tí àwọn ará inú ọkọ̀ máa ń fi san oore iṣu.

"Sàlámátù, o ti sọ ilé mi di etí omi!"

"Ẹ di àga yín mú dáadáa, kí omi má gbé yín lọ."

Ìjà kejì ni ti òun àti Páápá Kàsímù, awakọ̀ tó máa ń gbé e jù. Gbogbo èrò ló máa ń fẹ́ kí Páápá Kàsímù sáré. Ìyá àgbà nìkan ló máa ń nawọ́ gbá a léjìká láti ẹ̀yìn pé kó rọra. Páápá Kàsímù rò pé ẹ̀rù ló ń bà á.

"Ìyá Oníṣu, ṣé ọkọ̀ lẹ wọ̀ àbí rédíò lẹ wá gbọ́?"

"Rédíò tó ń gbọ́ ìbéèrè ni. Rọra wa ọkọ̀ rẹ, ọ̀rọ̀ ò tíì tán."

Nínú gbogbo àwọn tí wọ́n jọ wọ ọkọ̀, Tantí Afí ló fẹ́ràn jù. Ará Gran-Popo ni, ó máa ń wá ra èlùbọ́ àti iṣu lápá ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni àwọn méjèèjì jókòó pọ̀ ní gbogbo ayé wọn. Ìyá àgbà gbọ́ Mahí, èdè tí wọ́n ń sọ ní Savalou. Tantí Afí ń sọ Mina, èdè àwọn ará Gran-Popo. Wọ́n ń gbọ́ ara wọn dé ibi tó bá wọn lára mu. Lẹ́yìn ìgbà kẹta, Tantí Afí kò wá mọ́ nítorí ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, ṣùgbọ́n awakọ̀ kan kì í ti ìsàlẹ̀ bọ̀ láìgbé ẹja gbígbẹ wá fún wa, bẹ́ẹ̀ ni awakọ̀ kan kì í lọ láìgbé iṣu lọ fún un.

Ọ̀dọ̀ Tantí Afí ni Ìyá àgbà ti kọ́ oúnjẹ kan tí wọ́n ń pè ní dakuin. Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, òun la máa ń jẹ. Ó máa ń din tòmátì àti àlùbọ́sà, á da ata sí i, á fi ẹja sí i, á bu omi lé e, á sì jẹ́ kó hó títí ẹja á fi rọ̀. Lẹ́yìn náà, á gbé gàrí Savalou, èyí tó kúnná tó sì ń pariwo lábẹ́ eyín, kalẹ̀ sínú abọ́ mìíràn. Gbígbẹ. A ó bu gàrí sẹ́nu, a ó fi ẹja tẹ̀ lé e, a ó fi omi ọbẹ̀ lé e lọ. Kò sí ọmọ tí gàrí náà kò há sí lọ́fun nínú ilé wa. A ó máa wúkọ́, a ó máa lu ara wa lẹ́yìn. Bàbá àgbà á dìde kúrò nídìí abọ́, á lọ wá ẹ̀kọ jẹ. Ìyá àgbà nìkan ni kì í wúkọ́. "Ẹ fara balẹ̀," ló máa ń wí. "Bí àwọn ará òkun ṣe ń jẹ ẹ́ nìyẹn."

Ní ìsinmi ilé kéwú tó kọjá, níbi tí èmi náà ti ń kọ́ àwọn ọmọdé báyìí, mo sọ fún un pé a ó jọ lọ. Tantí Afí ti ní ká wá. Ìyá àgbà gbà. Ó lé lálì sẹ́sẹ̀, ó mú aṣọ ọdún rẹ̀ jáde, ó sì se iṣu tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nínú ọkọ̀, ó pín in fún ọmọbìnrin kan tó ń padà sí ilé-ìwé gíga ní Kutọnu. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un bí ìyá àgbà tirẹ̀ ṣe bọ́ sínú ọ̀sà lọ́jọ́ ìgbéyàwó pẹ̀lú gbogbo aṣọ ìyàwó lára. Ìyá àgbà ń rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ fi dúró ní gáráàjì Savalou. Ó ní òun fẹ́ sọ̀kalẹ̀ ṣe àlùwàlá, kí a kírun Àìlá.

A kírun tán. Mo dìde. Òun lọ jókòó sórí àga gbọọrọ àwọn obìnrin tó ń ta gàrí.

"Ráfíà, wọ ọkọ̀. Má jẹ́ kí wọ́n máa dúró dè ọ́."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Èmi ti dé."

"Ìyá àgbà, òkun la ń lọ!"

"Mo mọ̀. Lọ wò ó. Kí o sì jẹun dáadáa níbẹ̀, má kàn máa wo omi bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ bọ́ sínú rẹ̀."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo fa ọwọ́ rẹ̀. Mo tún ké lé e lórí níwájú àwọn onígàrí náà, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Ó kàn ń tún ìborùn rẹ̀ ṣe. Awakọ̀ ń fun fèrè. Mo mọ̀ pé Páápá Kàsímù á kọjá lọ sí Bantè ní ọ̀sán náà, pé á gbé e délé. Mo fi ìbínú wọ ọkọ̀, mi ò sì dágbére fún un. Nígbà tí a kúrò ní Savalou, ọmọ ilé-ìwé náà wo àyè tó ṣófo láàárín wa. Ó ní, "Màmá yín dà? Wọn ò tíì gbọ́ bí wọ́n ṣe yọ ìyàwó." Èmi ni mo gbọ́ ìyókù. N kò rẹ́rìn-ín.

Mo rí òkun. Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀: kò jọ ohun tí mò ń rí fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo rí ewé àlùbọ́sà tó tò sórí iyanrìn, tútù yọ̀yọ̀. Mo rí àwọn tó ń fa okùn àwọ̀n, mo kà wọ́n, wọ́n jẹ́ mẹ́tàlélógún. Ní ìrọ̀lẹ́ mo lá ètè mi. Gbogbo rẹ̀ rí bí ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí ṣe sọ ọ́. Mo jókòó sórí iyanrìn, orí mi sì dàrú, nítorí mi ò mọ̀ bóyá kí n máa bínú sí i tàbí kí n máa yìn ín.

Lọ́jọ́ kejì, Tantí Afí se dakuin. Ẹja, tòmátì, àlùbọ́sà, bí tiwa gan-an. Mo ti ń múra ọ̀fun mi sílẹ̀ de gàrí. Àmọ́ nígbà tí ẹja rọ̀, ó kó o sọ́tọ̀, ó da gàrí sínú omi ọbẹ̀ tó ń hó lórí iná, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Gàrí náà wú, ó pupa, ó rọ̀ bí ẹ̀bà, òórùn ẹja wọ inú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Tantí, ṣé ẹ kì í jẹ gàrí rẹ̀ ní gbígbẹ?"

"Gàrí gbígbẹ pẹ̀lú ẹja? Ta ló ń jẹ bẹ́ẹ̀? Ṣé adìyẹ ni wọ́n ni?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ọ̀pá rẹ̀ mú. Mi ò lè sọ fún un pé àwa ni. Mo rántí bí Ìyá àgbà ṣe máa ń sọ ọ́, bí ẹni tó há a sórí: Afí ní bí ẹja bá ti rọ̀, ìwọ á wá gbé gàrí. Ibẹ̀ ló máa ń parí sí. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti dé Savalou. Mo tún rántí àwọn ìtàn rẹ̀ yòókù. Ọkùnrin oníkóòtù tó ń sọ̀rọ̀ epo àgbọn, kí ni ìyá rẹ̀ ń fi epo náà ṣe? A kò mọ̀. Àwọn tó ń fa àwọ̀n, ta ló ń pín ẹja fún wọn? A kò mọ̀. Kò sí ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ òkun tí a gbọ́ nílé wa tó kọjá Savalou.

Nígbà tí mo padà sí Bantè, mo tọrọ àforíjì, mo sì se dakuin fún un bí mo ṣe rí i. Ó bu díẹ̀, ó gbé e mì.

"Ó rọ̀," ó ní. Lẹ́yìn náà ó ní, "Afí gbàgbé láti sọ ìyẹn fún mi."

"Kò gbàgbé, Ìyá àgbà. Ẹ̀yin lẹ sọ̀kalẹ̀."

Ó wò mí. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti èjìká rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú rẹ̀, ó ń na ìka sí Bàbá àgbà pé, "Ẹ wá gbọ́! Ẹ̀yin lẹ jàre láti ọjọ́ yìí!" Nígbà náà ni mo bi í pé kí ló dé tí kò fi tẹ̀ lé mi. "Bí mo bá dé ibẹ̀," ó ní, "kí ni màá tún bi wọ́n?"

Ìdáhùn náà nìyẹn. Ẹ bá mi wò ó. Ẹni tó fẹ́ mọ nǹkan tó bẹ́ẹ̀, ṣé kò yẹ kó fẹ́ rí i? Àbí ẹ̀rù ló bà á lóòótọ́, bí Páápá Kàsímù ṣe rò? Mi ò mọ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún gbé gàrí gbígbẹ kalẹ̀. Mo ní, "Ìyá àgbà, a ti mọ̀ ọ́n báyìí." Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Èmi, ibi tí mo bá a dé nìyí."

Kò pẹ́ lẹ́yìn tí iṣu tuntun jáde ni àìsàn mú un. Ọjọ́ mẹ́fà péré ni. Mo ń ka Yásínì sí i létí nígbà tó lọ, ní kùtùkùtù, ojú rẹ̀ balẹ̀. A dúpẹ́.

Ẹsẹ̀ tó ń dun Tantí Afí kò dá a dúró. Ó fi fóònù sọ pé òun ń bọ̀ wá síbi àdúà ọjọ́ kẹjọ. Ìyá mi gbọ́, ó sáré wá bá mi nídìí ààrò.

"Ráfíà, o ti mọ bí wọ́n ṣe ń se dakuin gidi. Òun ni kí o sè."

"Ìyá, kì í ṣe òun ni Ìyá àgbà ń jẹ."

"Ṣé o fẹ́ kí àlejò padà sílé lọ máa sọ pé màmá mi kò mọ nǹkan kan? Lọ́jọ́ àdúà rẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ́. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Bí mo bá ro gàrí náà, orúkọ Ìyá àgbà á mọ́ lójú àlejò, ṣùgbọ́n oúnjẹ rẹ̀ á ti kú ṣáájú kí ọjọ́ mẹ́jọ tó pé. Bí mi ò bá rò ó, èmi ni mo dójú tì í ní gbangba. Ẹja ti rọ̀. Abọ́ gàrí wà lọ́wọ́ òsì mi, ọmọrògùn wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Mo sọ pé, "Bísímíláì," láìmọ èyí tí mo fẹ́ ṣe. Ọwọ́ mi ló gbé gàrí náà sílẹ̀ ní gbígbẹ.

Mo gbé e síwájú Tantí Afí. Ó wo abọ́ kan, ó wo èkejì.

"Kí ni èyí?"

"Dakuin ni, Tantí."

"Dakuin! Ta ló kọ́ yín ní irú èyí?"

Ìyá mi wo ilẹ̀. Mo kúnlẹ̀ níwájú Tantí Afí.

"Ẹ̀yin ni, Tantí. Inú ọkọ̀ lẹ ti kọ́ Ìyá àgbà. Ẹ dé ibi gàrí, ọkọ̀ dé Savalou."

Tantí Afí gbé ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀. Ó bu gàrí gbígbẹ sí àtẹ́lẹwọ́, ó jù ú sẹ́nu, ó jẹ ẹ́, ó mú ẹja tẹ̀ lé e. Ó wúkọ́ bí gbogbo wa ṣe máa ń wúkọ́. Ìyá mi na omi sí i, kò gbà á. Ó yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí ẹnì kankan kò jókòó sí lórí ẹní, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀:

"Lẹ́yìn náà, Sàlámátù, ìwọ á kó ẹja kúrò. Ìwọ á da gàrí sínú omi ọbẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Ìwọ á wá máa rò ó."

Ìwọ tó o bá mi rìn títí dé ibí, kí Ọlọ́run fi ẹni rere jókòó tì ọ́ ní gbogbo ọ̀nà rẹ. Kó fún ọ ní ohun tí wàá pín, kó sì jẹ́ kí ẹlòmíràn bá ọ parí ọ̀rọ̀ tí o bá fi sílẹ̀ láìparí. Àmín.